Ẹni Kẹrin Tí Rédíò Sin

Òkú tí a bá nídìí igi irúgbá láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, a ti sin ín láti Ọjọ́rú.

Mo lóṣòó tì í, mo wò ó dáadáa. Ọkùnrin ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó fẹ̀yìn ti igi bí ẹni tó ń retí ọkọ̀. Ó ti fa apá ẹ̀wù rẹ̀ kan ya, ó fi di ojúgun rẹ̀ òsì, ó sì fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì há ẹsẹ̀ náà kí egungun má baà yẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ti wú, ó ti dúdú. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù wà nílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ojú eyín sì hàn lára èyí tí kò jẹ tán. Agolo kékeré kan, irú èyí tí àwọn onífọ́tò ń kó fíìmù sí, wà láàárín itan rẹ̀. Omi òjò kún un dé ìdajì.

Ẹni tó ti kú láti Mọ́ńdè kì í bó ẹ̀gẹ́.

Báàgì awọ kan wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ṣí ìdérí rẹ̀. Wọ́n fi íńkì kọ orúkọ sínú rẹ̀: Ìbráhìm, Ọ̀fà.

Kọ́ńsítébù Dúrótìmí tó dúró lẹ́yìn mi mí kanlẹ̀. "Sájẹ́ǹtì, ṣé kì í ṣe ẹni kẹrin nìyí?"

Mo ń wo ọ̀kánkán. Láti ibi tí mo lóṣòó sí, mo ń rí ìrù bààlúù náà láàárín ewé, bó ṣe jóná tó sì dúró ṣánṣán bí òpó. Kò tó ìdajì máìlì.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 1963 ni. Bààlúù kékeré kan tó ń ya àwòrán ilẹ̀ láti òkè, kí wọ́n lè fi ṣe máàpù, ló já sínú igbó Òjòkú nínú ìjì òjò ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè. Òyìnbó mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú Ìbráhìm, onífọ́tò wọn, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá tó ń ta ata gbígbẹ níbi tí ọkọ̀ ojú irin ń dúró sí bí. Àárọ̀ Ìṣẹ́gun ni ọkùnrin kan gun kẹ̀kẹ́ wá sọ fún wa pé òun rí èéfín. Wáyà láti Ìlọrin sì dé pé ẹni mẹ́rin ló wà nínú ọkọ̀ náà. Èmi ni mo kó kọ́ńsítébù mẹ́fà lọ.

Nígbà yẹn, Ojú Àwòdì ni wọ́n ń pè mí. Sájẹ́ǹtì Olúṣẹ̀yẹ Ojú Àwòdì. Kò sí olè tó kọjá ní Ọ̀fà tí mi ò lè fi ipa bàtà rẹ̀ tọ̀ ọ́ délé. Mo fẹ́ràn orúkọ náà.

Afárá ojú ọ̀nà Òjòkú ti wó lálẹ́ Mọ́ńdè, omi ti gbé e lọ, a sì ní láti yí gba Ẹ̀rìn-Ilé. Aago kan ọ̀sán ti lù kí a tó dé Òjòkú. Ní ìsọ̀ kan níbẹ̀, àwọn èèyàn pé lé asọ̀rọ̀mágbèsì lórí. Rédíò ti agbègbè wa ló ń sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara mi: "Gbogbo ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà nínú bààlúù náà ló ti kú. Aṣojú wa tó wà níbi ìjàm̀bá náà rí òkú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwọn ọlọ́pàá sì ti fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀."

Mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi pé, "Àwọn ọlọ́pàá Ìlọrin ti gba ọ̀nà mìíràn débẹ̀ ṣáájú wa." Ó sì dà bíi pé ẹrù kan sọ̀ lórí mi.

Aago mẹ́ta ni a dé ìdí bààlúù. A rí òkú mẹ́ta, òyìnbó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àárín ọkọ̀ náà ti di eérú. Òjò tún ti ṣú.

Ọ̀kan nínú àwọn kọ́ńsítébù bi mí pé, "Ẹni kẹrin ńkọ́, sà?"

Mo fi ọ̀pá mi tọ́ka sí eérú. "Rédíò ti sọ ọ́. Wọ́n ti rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ bu díẹ̀ nínú ìyẹn sínú aṣọ."

A ò rìn ju ogún ìṣísẹ̀ lọ yí ibẹ̀ ká. A ò pe orúkọ ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí a fi padà dé Ọ̀fà, rédíò àpapọ̀ náà ti gbé ìròyìn ọ̀hún, wọ́n sì ti fi iyọ̀ sí i. Wọ́n ní àwọn ará abúlé fojú rí ẹni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n ṣe ń jóná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ìbráhìm wá sí àgọ́ wa. Asiata ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ata ṣì wà léèékánná rẹ̀.

"Sájẹ́ǹtì, rédíò ní ọmọ mi ti kú. Ọkàn mi ò gbà á. Ṣé o fi ojú rẹ rí i?"

"Màmá, ẹ mọ́kàn le."

"Mi ò ní kí o pẹ̀tù sí mi nínú. Mo ní ṣé o rí i? Mélòó lẹ rí?"

Mo wò ó. Ó ti rẹ̀ mí, ẹrẹ̀ sì bò mí dé orúnkún. Bí mo bá ní mẹ́ta, ó máa ní ká padà sínú igbó lọ́jọ́ kejì. Mo sọ pé, "Mẹ́rin, Màmá. A rí mẹ́rin."

Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́rú, mo gbé aṣọ funfun tí a di eérú sí lé e lọ́wọ́. Àwọn Àlùfáà kírun sí i lára, wọ́n sì sin ín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn títí di àárọ̀ Jímọ̀ tí àgbẹ̀ kan, Lukman, wá sọ fún wa pé òun rí òkú nídìí igi irúgbá nígbà tí òun ń lọ wo pàkúté. Aago ọwọ́ òkú náà sì nìyí lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

Ìnspẹ́kítọ̀ Adétóyè, ọ̀gá àgọ́ wa, ò jẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó.

"Níbo lo ti rí aago yìí?"

"Ọwọ́ òkú náà ni, sà."

"O bọ́ aago lọ́wọ́ òkú?"

Lukman tẹrí ba. Èèyàn gíga tó tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀wù rẹ̀ ti já léjìká. "Mo bọ́ ọ, sà. Mi ò ní purọ́. Ó wù mí. Mo ní bí mo bá fi í sílẹ̀, ẹlòmíì á bọ́ ọ."

"Irọ́! Láti Ìṣẹ́gun lo ti rí ọkùnrin yìí. Ààyè lo bá a. O dúró tì í títí ó fi kú kí o lè kó ẹrù rẹ̀. Àbí ìwọ gan-an lo pa á?"

"Rárá o, sà! Òní ni mo rí i. Ẹ bi ìyàwó mi."

Mo gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu ọ̀gá mi jẹ́jẹ́. "Lukman, láti Mọ́ńdè, ṣé o ò gbọ́ ohunkóhun láti ìhà ibẹ̀?"

"Mo gbọ́, sà. Lọ́jọ́rú. Mo gbọ́ bí ẹni tó ń pariwo, ó jìn díẹ̀. Mo fẹ́ lọ wò ó. Ìyàwó mi dì mí lẹ́wù mú. Ó ní ṣé mi ò gbọ́ rédíò ni, pé gbogbo wọn ti kú, pé iwin wọn ló ń ké." Ó wò mí lójú. "Sà, ṣé ẹni tí ìjọba ti ní ó kú tún lè máa pe èèyàn?"

Mo yí ojú kúrò.

Aago kan ọ̀sán lù, rédíò tún gbé e. Ìnspẹ́kítọ̀ ti bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti àárọ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ti tẹ àgbẹ̀ kan tó ṣekú pa ẹni tó yè nínú ìjàm̀bá bààlúù. Kò tó wákàtí kan, igba èèyàn ti dúró níwájú àgọ́ wa, òkúta lọ́wọ́ àwọn mìíràn. "Ẹ mú un jáde fún wa! Ẹ mú Lukman jáde!"

Mo gbé aago náà sórí tábìlì níwájú Lukman. Ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́.

"Aago yìí máa tó kú. Ṣe é kó má kú."

Ó gbé e, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi sétí. Ó fi èékánná tọ́ gíláàsì rẹ̀ bóyá ó máa ṣí. Ó tiẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí i. Kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n ń lọ́ láti fi wáìnì rẹ̀, kó lè máa sáré, rárá.

Ìnspẹ́kítọ̀ ní, "Eré ọmọdé wo lèyí?"

"Ẹ jẹ́ kí n ránṣẹ́ pe Kamaldeen, sà."

Kamaldeen tó ń tún aago ṣe nítòsí ojú irin wá gba ẹ̀yìn wọlé. Ó gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ aago náà. Ó ní bí wọ́n bá wáìnì irú rẹ̀ kún, wákàtí mẹ́rìndínlógójì ló ń sáré, kì í jù bẹ́ẹ̀ lọ, àfi kó má tó bẹ́ẹ̀.

A jókòó tì í. Ariwo àwọn èèyàn ń pọ̀ sí i níta, Lukman sì fẹ̀yìn ti igun ilé. Bí a ti ń dúró ni dókítà ìjọba dé láti wá sọ ohun tó rí lára òkú. Kò sí ọgbẹ́ ọwọ́ èèyàn lára rẹ̀. Ẹsẹ̀ tó dá ló gba ìdọ̀tí, májèlé rẹ̀ ló sì gun ara. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ ló kú.

Mo bi í pé, "Ká ní wọ́n rí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ǹ bá gé."

"Lọ́jọ́rú ńkọ́?"

"Ọjọ́rú náà. Ì bá yè, ká ní ẹ gbé e dé."

Nígbà tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ku ogún ìṣẹ́jú, aago náà dákẹ́. Mo yí sí Ìnspẹ́kítọ̀. "Ẹ ka wákàtí mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn, sà. Àárọ̀ àná, Ọjọ́bọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Bí Lukman bá ti gba aago yìí láti Ìṣẹ́gun, ó ti kú sí i lọ́wọ́ tipẹ́, torí kò mọ̀ ọ́n wáìnì. Ọwọ́ tó ni aago ló wáìnì rẹ̀ láàárọ̀ àná. Ó ṣì fẹ́ mọ iye tí aago lù. Ó ṣì ń retí wa."

Ìnspẹ́kítọ̀ gbé aago náà, ó fi sétí. Lẹ́yìn náà ló bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti àárọ̀. "Bí ìyẹn bá rí bẹ́ẹ̀, Olúṣẹ̀yẹ, ta lo sin lọ́jọ́rú? O kọ òkú mẹ́rin sínú ìwé fún mi."

"Rédíò ló ní mẹ́rin, sà."

"Ta ló wá sọ fún rédíò?"

"Mo máa wádìí rẹ̀."

Ìnspẹ́kítọ̀ jáde lọ bá àwọn èèyàn náà, ó sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ ló pa ọkùnrin náà, wọ́n sì túká díẹ̀díẹ̀. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo gbọ́ ohùn Ìyá Ìbráhìm níwájú àgọ́. Wọ́n ti mú un bọ̀ láti ọsibítù, níbi tí wọ́n ti ní kó wá wo òkú náà bóyá ọmọ rẹ̀ ni. Kò sunkún. Ó kàn ń bi olúkúlùkù pé, "Níbo ni Sájẹ́ǹtì wà?" Mo gba ẹ̀yìn ilé ìdáná jáde.

Mo máa sọ òótọ́. Kì í ṣe torí òótọ́ ni mo ṣe ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀ fún rédíò. Mo ń wá ẹni tí mo máa gbé ẹ̀bi náà lé lórí ni. Bí mo bá rí i, ojú tó ń tì mí á di tirẹ̀.

Kò ṣòro láti mọ̀ ọ́n. Tíṣà Akínwándé ni gbogbo ìlú mọ̀ sí aṣojú rédíò ní Ọ̀fà. Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni mo bá a nílé, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó gbé àga fún mi.

"Sájẹ́ǹtì, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ gbọ́ orúkọ mi lórí afẹ́fẹ́? Rédíò àpapọ̀ náà dárúkọ mi."

"A gbọ́ ọ, Tíṣà. Ẹ gbìyànjú. Ẹ̀yin gan-an lẹ lọ síbẹ̀?"

"Èmi náà ni. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ láàárọ̀ Ìṣẹ́gun."

"Ọ̀nà Òjòkú lẹ gbà?"

"Ọ̀nà wo ló tún wà?"

"Afárá yẹn ti ń kọ wá lóminú. Ṣé kò mì lábẹ́ yín?"

"Ó mì díẹ̀. Mo sọ̀kalẹ̀, mo rọra ti kẹ̀kẹ́ mi kọjá."

Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. "Tíṣà, kò sí afárá níbẹ̀. Alẹ́ Mọ́ńdè ni omi ti gbé e lọ."

Bíírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò mú un. Ó wo ìwé àwọn ọmọ náà bíi pé wọ́n ń gbọ́ ohun tí a ń sọ.

"Mi ò dé ibẹ̀."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ pé ẹ dé ibẹ̀?"

"Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, mo ní àwọn ọlọ́pàá sọ pé ẹni mẹ́rin kú. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ bi mí pé ṣé mo rí wọn. Ó ní ìròyìn tí ojú ò rí kì í wọ àwọn èèyàn létí, pé aago kan ti ń lù lọ, pé bí mi ò bá sọ ọ́, rédíò àpapọ̀ máa gbà á mọ́ àwọn lọ́wọ́. Mo ní mo rí wọn." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Nígbà tí mo gbọ́ orúkọ mi, orí mi wú. Mo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́. Sájẹ́ǹtì, mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ṣì wà láàyè nínú ọ̀rọ̀ náà."

Inú mi ti ń dùn. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn. Ìdajì ẹrù náà ti bọ́ lọ́rùn mi.

"Ọlọ́pàá wo ló wá sọ fún yín pé ẹni mẹ́rin kú?"

"Inú àgọ́ yín ni mo ti gbọ́ ọ. Kò tíì tó aago mẹ́sàn-án. Dúrótìmí ló jókòó nídìí tábìlì."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé àgọ́. Dúrótìmí ń gbálẹ̀ yàrá níwájú. Mo ti ilẹ̀kùn.

"Ìṣẹ́gun, kí lo sọ fún Tíṣà Akínwándé?"

Ó dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ó bi mí nípa bààlúù, sà. Mo sọ fún un pé ẹni mẹ́rin kú."

"Ta ló rán ọ? Ta ló sọ fún ọ pé ẹni mẹ́rin kú, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì débẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí wọ́n ní kó na bàbá rẹ̀.

"Dúrótìmí, mò ń bá ọ sọ̀rọ̀!"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Èmi?"

"Nígbà tí ẹ ń wọ ọkọ̀, sà. Ẹ yọ orí síta, ẹ ní, 'Dúrótìmí, lọ sọ fún káfíńtà kó kan pósí mẹ́rin sílẹ̀, ẹni mẹ́rin ló kú.' Ẹ tún ní kí n kọ ọ́ sínú ìwé." Ó ṣí ìwé náà. "Òun nìyí, sà. Aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá."

Mo kà á. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tí a máa ń fi àwọn olè sí. Ohun gbogbo wá tò sójú mi láìwá a. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi laago mẹ́jọ, nígbà tí mi ò tíì rí nǹkan kan, tó jẹ́ pé wáyà kan tó ní ẹni mẹ́rin wọ bààlúù ni mo kà. Dúrótìmí gbé e fún Tíṣà. Tíṣà fi ojú tí kò rí i kún un. Àwọn onírédíò fi ọlọ́pàá tì í lẹ́yìn. Laago kan, mo pàdé ọ̀rọ̀ náà ní Òjòkú, mi ò sì mọ̀ pé ọmọ mi ni. Mo gbà á gbọ́ torí pé ọlọ́pàá ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èmi sì ni ọlọ́pàá ọ̀hún.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún Ìnspẹ́kítọ̀, ó ti fèrèsé.

"Ta ló tún mọ̀?"

"Dúrótìmí, sà. Àti Tíṣà, bó bá rò ó dáadáa."

"Ó tó bẹ́ẹ̀. Lukman bọ́ aago lọ́wọ́ òkú, ó sì ti jẹ́wọ́. Oṣù mẹ́fà. Àwọn èèyàn á rí ẹni tí wọ́n máa bínú sí, á sì parí síbẹ̀. Olúṣẹ̀yẹ, ọdún mẹ́rìnlá lo ti lò nínú iṣẹ́ yìí."

"Lukman gbọ́ igbe lọ́jọ́rú, sà. Ó fẹ́ lọ. Ohùn mi ló dá a dúró."

"Bí o bá kọ ìyẹn sílẹ̀, wọ́n máa já àmì tó wà léjìká rẹ."

"Mo mọ̀, sà."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú ìwé méjì ni. Mi ò lo Ojú Àwòdì níbì kankan nínú rẹ̀. Ìnspẹ́kítọ̀ kà á títí, ó gbá a sínú dúrọ́ọ̀, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n tú Lukman sílẹ̀.

Àárọ̀ Sọ́ńdè ni wọ́n tún Ìbráhìm sin. Mo dúró lókèèrè títí wọ́n fi parí. Lẹ́yìn náà ni mo wọ agbo ilé wọn láìwọ aṣọ ìjọba. Ìyá Ìbráhìm jókòó sórí ẹní lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin mẹ́ta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mi ò dìde.

"Màmá, mẹ́ta ni mo rí. Mo sọ fún yín pé mẹ́rin."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú àyà mi nílẹ̀: ìwé àgọ́, pósí mẹ́rin, Tíṣà, rédíò, ogún ìṣísẹ̀ tí a rìn. Mo sọ fún un pé eérú tí mo gbé lé e lọ́wọ́, eérú bààlúù ni. Mo gbé aago ọmọ rẹ̀ síwájú rẹ̀, mo sì sọ ohun tí aago náà wí.

Ó mú aago náà.

"Ọjọ́bọ̀ ló kú?"

"Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, Màmá."

"Nígbà náà, lọ́jọ́rú tí mo ń pín sààrà òkú rẹ̀, tí mo ń bu ìrẹsì fún àwọn èèyàn, ẹ̀gẹ́ tútù ló ń jẹ."

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà bú sẹ́kún. Òun ò sunkún. Mo ń retí kó ṣépè fún mi. Mo fẹ́ kó ṣépè fún mi.

Àwọn ọkùnrin méjì wọlé láti wá bá a kẹ́dùn, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni. Ọ̀kan ní, "Ìyá Ìbráhìm, ẹ kú ìrọ́jú. Kádàrá ni. A gbọ́ pé àgbẹ̀ Òjòkú yẹn ló..."

Ó gbé ọwọ́ dá a dúró. Ó wò mí. "Sájẹ́ǹtì, dìde jókòó. Sọ ọ́ fún wọn."

"Màmá..."

"Bí o ṣe sọ ọ́ fún mi. Má yọ ọ̀kan kúrò."

Mo sọ ọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ohun tí ajá gbé wálé. Nígbà tí wọ́n lọ, àwọn mìíràn dé láti ibi ọkọ̀ ojú irin, àwọn tó ń bá a ta ata. "Sájẹ́ǹtì, sọ ọ́ fún wọn." Ìmáàmù dé. Ìyàwó ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ dé. Àwọn ọ̀rẹ́ Ìbráhìm dé, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tí ojú wọn pọ́n, mo sì rò pé wọ́n máa nà mí. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, kó sọ tirẹ̀ tán." Bí mo bá gbàgbé ohun kan, á rán mi létí. "O ò tíì sọ ti eérú." Bí mo bá fẹ́ yára kọjá níbì kan, á ní kí n padà síbẹ̀.

Laago mẹ́rin, wọ́n tan rédíò kan nílé kejì. A gbọ́ ọ láti ibi tí a jókòó sí. Lẹ́yìn ìròyìn nípa iye tí wọ́n ń ra kòkó, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣàtúnṣe díẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn tó bá bààlúù Òjòkú lọ kú lẹ́yìn ìjàm̀bá náà, kì í ṣe nínú rẹ̀. Wọn ò dárúkọ rẹ̀. Orin ló tẹ̀ lé e.

Ìyá Ìbráhìm ní, "Ṣé ó ti tán?"

Mo ní, "Ó ti tán, Màmá."

"Wọn ò sọ ọ́ dáadáa." Ó wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹnìkan tún ń bọ̀."

Tíṣà Akínwándé ni. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé, fìlà lọ́wọ́. Ó rí mi. Ó rí bí àwọn èèyàn ṣe tò yí mi ká. Mo rí i tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó fẹ́ padà sílé.

Ìyá náà ò gbé ohùn sókè. "Ẹ wọlé, Tíṣà. Ẹ̀yin náà ní tiyín lọ́wọ́." Ó ní kí wọ́n sún bẹ́ǹṣì wá, ó sì fi ọwọ́ gbá ibi tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Ẹ jókòó síbí. Àwọn ará Ẹ̀rìn-Ilé tó ń bọ̀ wá kẹ́dùn ò tíì dé."